KÁÀDÌ KEJÌ NÍNÚ ÀPÒ ÌYÁ ỌLỌ́JÀ

Mo fẹ́ kí á sọ ọ̀rọ̀ ilé díẹ̀ lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà tó wọ́n. Ọ̀rọ̀ ara wa ni.

Thomas Estate ní Ajah níbí ni ilé wa wà. Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò wa mọ bí ọjọ́ wa ṣe ń rí. Tí mo bá fẹ́ lọ ra ọjà ní Ìdúmọ̀tà, mo gbọ́dọ̀ ti wà lójú títì kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Tí mo bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, orí ìjókòó ọkọ̀ ni n ó wà fún wákàtí méjì, nígbà míràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí òjò bá wá rọ̀, ó di ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Kí n tó délé, kí n tó dáná, aago mẹ́wàá ti lù. Èbà ńlá, ọbẹ̀ tó dùn, ó di orí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ń sọ fún ara mi pé ara mi le.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Mo jẹ́ ọmọ ọdún 47 nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì kan wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Èrò ni mo tẹ̀lé lọ. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ, ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì. 170 lórí 105. Ó ní, "Mummy, ṣé orí kò fọ́ yín?" Mo ní rárá. "Ṣé òyì kò kọ́ yín?" Mo ní ara mi yá gágá. Ó ní kí n má ṣe fi ìyẹn ṣe, kí n lọ rí dókítà.

Mo lọ lóòótọ́. Wọ́n wò mí lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n fún mi ní oògùn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ti wálẹ̀ sí 130 lórí 80. Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyẹn. Mo ní mo ti gbádùn. Àsìkò owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni, mo bá fi owó oògùn kún un. N kò sọ fún bàbá àwọn ọmọ, n kò sọ fún dókítà.

Kò pé ọdún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo ń ka ṣéńjì fún oníbàárà, owó bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ láti ṣà á, ọwọ́ ọ̀tún kò dáhùn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu mi wúwo. Ọmọbìnrin mi ló kọ́kọ́ rí i pé ẹnu mi ti yí sápá kan. Ẹnì kan ní kí wọ́n bu omi sí mi lórí, òmíràn ní kí wọ́n wá àgbo. Ọmọ yẹn kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ó gbé mi sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ilé ìwòsàn. Ọlọ́run yọ mí. Kí wákàtí kan tó pé, ọwọ́ mi ti padà. Dókítà ní ìkìlọ̀ ni mo rí yẹn, pé ẹlòmíràn kì í rí ìkìlọ̀ rárá.

Òótọ́ ló sọ. Alátà tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi kò rí ìkìlọ̀. Rọpárọsẹ̀ mú un lójijì. Ọmọ rẹ̀ tó yẹ kó wà nílé-ìwé ló ń lọ ata lónìí.

Ẹ̀JẸ̀ RÍRU KÌ Í PARIWO

Ẹ wo omi tó ń gba inú rọ́bà kọjá. Tí agbára omi bá pọ̀ jù fún rọ́bà náà, kì í bẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa bà á jẹ́, títí ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń ṣe iṣan inú ọpọlọ, ọkàn, kíndìnrín àti ojú, tí ènìyàn á sì máa rẹ́rìn-ín, tí á máa tajà. Ìdí nìyẹn tí kò fi dára kí á máa dúró de orí fífọ́.

Kì í ṣe àìsàn òyìnbó. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Olújìmí Akínkùgbé, ọmọ Oǹdó, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, tó sì kú lọ́dún 2020, fi ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí ẹ̀jẹ̀ ríru. Lọ́dún 1997 ni ìgbìmọ̀ tó darí gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde fún gbogbo Nàìjíríà. Nígbà yẹn, 160 lórí 95 ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, wọ́n sì rí nǹkan bí ènìyàn 11 nínú 100 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga. Lónìí, 140 lórí 90 ni wọ́n ń lò, ó sì ti sún mọ́ ẹni mẹ́ta nínú àgbàlagbà mẹ́wàá. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2021 pé nínú àwọn tó ní in káàkiri ayé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí kò mọ̀.

Àwa obìnrin, ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn: tí nǹkan oṣù bá ti ń dúró, ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹni tí kò ní in ní ọdún 35 lè ní in ní 50.

KÌ Í ṢE OÒGÙN IBÀ

Oògùn ibà, ọjọ́ mẹ́ta, ó parí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò rí bẹ́ẹ̀. Bí owó ìsọ̀ ló rí. Ṣé nítorí pé lándílọ́ọ̀dù kò pariwo lóṣù yìí ni ẹ ò fi ní san owó ìsọ̀? Tí ẹ̀rọ bá ní ó ti wálẹ̀, oògùn ló mú un wálẹ̀. Ẹ má dá a dúró láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Tí owó rẹ̀ bá wọ́n, tàbí tó bá ń ṣe yín bákan, ẹ sọ fún dókítà, òmíràn wà tó dínwó. Ẹ má sì gba oògùn aládùúgbò lò, nítorí ohun tó bá tiẹ̀ mu lè máà bá tiyín mu. Oògùn ara ríro tí à ń rà ní kẹ́míìsì lójoojúmọ́ náà, ẹ bèèrè kí ẹ tó lò ó. Àwọn kan wà nínú wọn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ga.

Ẹ tún wádìí Ìlera Èkó, ètò ìlera tí ìjọba Ìpínlẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018. Ẹ bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín kí ẹ tó sanwó.

OHUN TÍ MO YÍ PADÀ NÍLÉ

Iyọ̀ ni mo kọ́kọ́ mú. WHO ní kí àgbàlagbà kan má jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lóòjọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan péré. Àti ti ọbẹ̀, àti ti búrẹ́dì, àti ti Maggi ni o! Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn kúbù tí à ń jù sọ́bẹ̀. Mo dín kúbù kù, mo fi irú, àlùbọ́sà, efinrin àti ata rọ́pò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bàbá àwọn ọmọ ní ṣé mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ni. Mo ní, "Baálé mi, ẹ ṣe sùúrù, ahọ́n á mọ̀ ọ́n." Kò pé oṣù méjì, ó ní ọbẹ̀ ilé ìtà ti níyọ̀ jù fún òun.

Èkejì, ẹsẹ̀ mi. Láti oṣù kẹfà ọdún 2022 tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Etí-Ọ̀sà, mò ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ẹnu géètì, kíákíákíá, kì í ṣe ìrìn fàájì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó tó. Ìdúró nídìí ọjà láti àárọ̀ kò dípò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, oúnjẹ alẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ délé ló ń dáná báyìí, ìbáà ṣe ọmọkùnrin. Èbà ti kéré, ẹ̀fọ́ ti pọ̀.

KÁÀDÌ KEJÌ

Gbogbo wa la ní káàdì alájọ. Tí alájọ bá fo ọjọ́ kan, à ń bá a jà. Mo wá ra káàdì kan sí i, mo ń kọ BP mi sí i: ọjọ́, nọ́ńbà òkè, nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Inú àpò kan náà ni méjèèjì wà. Tí mo bá lọ rí dókítà, òun ni mo ń nà sí i.

Tí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí ọwọ́ wà lórí tábìlì. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ má jẹ obì, ẹ má mu kọfí ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú. Ẹ má sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn ló le jù fún wa!

Tí ẹ bá rí ẹni tí ẹnu rẹ̀ yí, tí apá kan rẹ̀ rọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, ẹ wo aago, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi oúnjẹ, omi tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Àdúrà dára, ẹ máa gbà á nínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, lọ́sẹ̀ yìí, kí ìsọ̀ tó ṣí, ẹ lọ wò ó. Tí ó bá dára, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ó bá ga, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Èrè tí a jẹ, àwa la ó fi ẹnu ara wa jẹ ẹ́. Ọmọ wa kò ní tìtorí àìsàn wa kúrò nílé-ìwé. Àṣẹ.