Òkè Lẹ̀ Ń Wò: Àlàyé lórí Wíwá Ìdí Tí Agbára Tọ́bò Fi Ń Rẹlẹ̀ nínú Bọ́ọ̀sì Dísù Àtijọ́ Tí A Sọ Di Ilé

1. Ìfáárà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Iṣẹ́ tiwa ni láti ka àmì, kí a sì wá ohun tí ó bí àmì náà. Ẹni tí ó ń wá ìdí àìsàn ẹ̀rọ, àmì ni òun náà ń kà. Bí ó bá ṣi àmì kan túmọ̀, owó ni yóò fi dí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé orí òkè ni ọkọ̀ rẹ̀ wà, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lè bá a lọ.

Amẹ́ríkà ni irú ọkọ̀ tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ti wọ́pọ̀. Ní ọdún 1939 ni àwọn olùkọ́ àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pàdé ní Yunifásítì Columbia ní New York láti fi ìlànà kan náà lélẹ̀ fún bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́. Níbẹ̀ ni àwọ̀ ìyeyè tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá lo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbó, wọn a tà á. Ẹni tí ó rà á a yọ àwọn àga inú rẹ̀, a tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí i, a kọ́ ilé ìdáná sí i, a gbé àgbá omi sí i, a sì sọ ọ́ di ilé tí ń rìn. Ẹ́ńjìnnì tí a sábà máa ń bá nínú wọn ni DT466 ti ilé iṣẹ́ International Harvester, tàbí 6BT ti Cummins. Onísílíńdà mẹ́fà ni àwọn méjèèjì, dísù ni wọ́n ń mu, wọ́n sì ní tọ́bò.

Ẹ̀sùn tí àwọn onírú ọkọ̀ yìí máa ń mú wá kò ju ọ̀kan lọ: ‘Tẹ́lẹ̀ rí, gééjì tọ́bò máa ń ka 18 bí mo bá ń gun òkè. Nísinsìnyí kò kọjá 8. Ọkọ̀ kò lè fà mọ́.’ Ìdáhùn tí ó sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí ẹnu àwọn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ni pé tọ́bò ti kú, kí ó lọ ra òmíràn. Ìdáhùn yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

2. Iṣẹ́ tí tọ́bò ń ṣe

Kí ó tó yé wa, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilé arọ́. Alágbẹ̀dẹ kò lè fi èédú lásán rọ ọkọ́. Ọmọ iṣẹ́ ní láti máa fín ẹwìrì, kí afẹ́fẹ́ lè máa ta sí iná, kí irin lè pọ́n. Ẹwìrì ni tọ́bò jẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí ọmọ iṣẹ́ tí ń fín in. Èéfín tí iná fúnra rẹ̀ ń tú jáde ni ó ń fín in.

Abẹ̀bẹ̀ méjì ni ó wà lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Èéfín gbígbóná tí ń jáde lọ sí sàlẹ́ńsà a yí abẹ̀bẹ̀ kìíní. Bí èyí bá ti ń yí, èkejì tí ó wà lórí ọ̀pá kan náà a yí, a sì máa gbá afẹ́fẹ́ tútù wọ inú ẹ́ńjìnnì. Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ni ó gba ìwé àṣẹ ọgbọ́n yìí ní ọdún 1905. Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nígbà náà tí ẹ́ńjìnnì Rudolf Diesel kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ yanjú ní Jámánì ní ọdún 1897.

Ní etí òkun, ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ ayé fi ń tẹ̀ wá jẹ́ 14.7 pọ́ùn lórí íǹṣì kan níbùú lóòró. Psi ni a ń kọ ìwọ̀n yìí ní ìkékúrú. Bí gééjì tọ́bò bá ka 15, ohun tí ó ń wí ni pé tọ́bò ti fi 15 kún 14.7 tí ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìtẹ̀sí afẹ́fẹ́ ti di ìlọ́po méjì. Ní Denver, ìlú tí ó ga tó 1,600 mítà, afẹ́fẹ́ ayé kò ju bíi 12 psi lọ. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí tọ́bò rẹ̀ kò ṣe dáadáa fi lè rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí yóò máa mí gúlegúle bí ó bá dé ojú ọ̀nà orí òkè Colorado, níbi tí títì ti kọjá 3,300 mítà.

Kókó tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nìyí: tọ́bò kọ́ ni orísun agbára. Epo ni ó ń di iná, iná ni ó ń di èéfín, èéfín ni ó ń yí tọ́bò, tọ́bò ni ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ yìí ni ó sì ń jẹ́ kí epo púpọ̀ sí i lè jó. Bí òrùka ni ọ̀rọ̀ náà rí. Ibi yòówù tí òrùka náà bá ti já, ojú gééjì ni yóò ti hàn. Wọ́n ní, ‘Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́.’ Ó ní, ‘Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀.’ Ẹni tí ó wo gééjì tí ó sì lọ ra tọ́bò, òkè ni ó wò.

3. Yíyẹ ẹ̀rí wò

Gééjì ni ẹlẹ́rìí wa. Ó sì yẹ kí a bi ẹlẹ́rìí wò kí a tó dá ẹjọ́. Ọ̀pá tín-ín-rín ni ó ń gbé ìròyìn afẹ́fẹ́ láti ẹnu ẹ́ńjìnnì lọ sí iwájú awakọ̀. Bí ọ̀pá yìí bá ya, tàbí tí ó ká kò nígbà tí a ń kan pákó mọ́ ara ọkọ̀, gééjì yóò purọ́. Ẹ jẹ́ kí a yá gééjì mìíràn, kí a so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì tààrà, kí a sì fi ohun tí ó kà wé ti àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn èyí, ibi tí a ti dán ọkọ̀ náà wò ṣe kókó. Ọ̀pọ̀ a dúró sí ojú kan, wọn a máa tẹ tọ́rótù, wọn a sì ní tọ́bò kò ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tí kò ru ẹrù, tí kò gun òkè, epo díẹ̀ ni ó ń jó. Èéfín rẹ̀ kò ní agbára tí ó lè yí abẹ̀bẹ̀ gidi. Orí òkè gígùn, pẹ̀lú ẹrù, pẹ̀lú tọ́rótù ní títẹ̀ kanlẹ̀, ni a ti ń mọ òótọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì irú èyí tí a kò tún ṣe yóò ka nǹkan bíi 15 sí 25 psi níbẹ̀; ìwé ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ iye tirẹ̀ pàtó.

4. Ohun tí èéfín ń wí

Bí a ti ń dán ọkọ̀ wò lórí òkè, kí ẹnì kan máa wo ẹ̀yìn. Bí gééjì bá rẹlẹ̀ tí èéfín sì dúdú bí àdá ìkòkò, epo ń wọlé, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò tó o. Ẹ lọ wo ọ̀nà afẹ́fẹ́. Bí gééjì bá rẹlẹ̀ tí èéfín kò sì sí, epo ni kò dé. Iná kò pọ̀ tó láti yí tọ́bò. Ẹ lọ wo ọ̀nà epo. Bí èéfín bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ni ó ń jó.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan wà níbí. Àwọn pọ́ǹpù kan ní ẹ̀ṣọ́ nínú, tí kì í jẹ́ kí epo pọ̀ títí afẹ́fẹ́ tọ́bò yóò fi dé. Irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ a máa fi èéfín dúdú pamọ́: afẹ́fẹ́ ń jò, ẹ̀ṣọ́ sì ti dín epo kù, ẹ̀yìn ọkọ̀ wá mọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Nítorí náà, àmì kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́.

5. Ìlànà ìwádìí

Ohun tí kò náni lówó ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí a sì máa lọ ní ẹsẹẹsẹ.

Èkíní, asẹ́ afẹ́fẹ́. Bí erùpẹ̀ bá ti dí i, tọ́bò kò ní ohun tí yóò fà. Nínú bọ́ọ̀sì tí a sọ di ilé, ó tún yẹ kí a wo ẹnu ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó kọ́ ilé náà ti gbé àgbá omi tàbí àpótí bátìrì dí i láìmọ̀.

Èkejì, tọ́rótù. Kí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, kí ẹnì kejì máa wo ọwọ́ pọ́ǹpù nínú ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá ti tẹ́ pákó àti kápẹ́ẹ̀tì nípọn sí ilẹ̀ ọkọ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ a ti kan ilẹ̀ kí ọwọ́ pọ́ǹpù tó ṣí tán. Ọ̀bẹ tí a fi gé kápẹ́ẹ̀tì ni oògùn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, asẹ́ epo àti ọ̀pá epo. Ọkọ̀ tí ó ti wà lójú kan fún ọdún mélòó kan, ìdọ̀tí a máa hù nínú táǹkì rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ asẹ́, kí ẹ sì yẹ àwọn rọ́bà epo wò bóyá wọ́n ń fa afẹ́fẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀pá kékeré tí ń lọ láti ẹnu ẹ́ńjìnnì sí ẹ̀ṣọ́ inú pọ́ǹpù tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Kò nípọn ju pẹ́ńsùlù lọ. Bí ó bá ya, tàbí tí awọ rọ́bà inú ẹ̀ṣọ́ náà bá lu, pọ́ǹpù yóò gbà pé tọ́bò kò ṣiṣẹ́, kò sì ní fi epo sílẹ̀. Epo tí kò wá ni yóò sì mú kí tọ́bò má ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Irọ́ ọ̀pá yìí ti di òótọ́ nìyẹn.

Ẹ̀karùn-ún, rọ́bà ńlá àti kílípù tí ó wà láàrin tọ́bò àti ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń tu afẹ́fẹ́ lójú bí ọkọ̀ náà bá ní in. Kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a dí ẹnu tọ́bò, kí a rọra fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi 10 psi sí i, kí a sì da omi ọṣẹ lé gbogbo oríkèé. Ibi tí ó bá ti hó ni ó ti ń jò.

Ẹ̀kẹfà, ọ̀nà èéfín kí ó tó dé tọ́bò. Bí irin ibẹ̀ bá sán, tàbí tí gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá jó, èéfín yóò sá lọ kí ó tó yí abẹ̀bẹ̀. Àbàwọ́n dúdú lára irin, àti ìró kẹ́-kẹ́-kẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tútù, ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Àwọn tọ́bò kan tún ní ilẹ̀kùn kékeré tí ń tú èéfín tí ó bá pọ̀ jù dànù; bí ilẹ̀kùn náà bá há ní ṣíṣí, tọ́bò kò ní rí oúnjẹ jẹ.

Èkeje, ọ̀nà èéfín lẹ́yìn tọ́bò. Ẹni tí ó sọ bọ́ọ̀sì di ilé a máa yí páìpù padà kí èéfín má bàa wọ yàrá. Bí ó bá lo páìpù tóóró, tí ó sì kọ́rọ púpọ̀, èéfín a ṣẹ́rí padà, tọ́bò a sì lọ́ra.

Ẹ̀kẹjọ ni tọ́bò fúnra rẹ̀ tó kàn. Kí ẹ́ńjìnnì kú, kí ó sì tutù kí a tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí abẹ̀bẹ̀ yí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí etí rẹ̀ má sì ha ara ilé rẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ lè mì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, èyí kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń lọ síwájú sẹ́yìn lọ́nà tí ọwọ́ lè mọ̀, ó ti jẹ. Bí ọ́ìlì bá sì kún ibẹ̀, kí a má tún wa ọkọ̀ náà: ẹ́ńjìnnì dísù lè máa mu ọ́ìlì ara rẹ̀, kí ó máa sáré àsápajúdé bí a tilẹ̀ ti epo pa.

6. Ọ̀ràn ẹ́ńjìnnì Detroit

Àwọn bọ́ọ̀sì ìrìn-àjò ńláńlá ìgbà náà sábà máa ń lo ẹ́ńjìnnì Detroit Diesel, bíi 6V-92TA. Tiwọn yàtọ̀. Wọn kò lè dá afẹ́fẹ́ fà bí àwọn yòókù. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mìíràn tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí ni ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn nínú, tọ́bò sì ń ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì yìí lè máa ṣiṣẹ́ kí tọ́bò rẹ̀ sì ti kú, ọkọ̀ kàn ń fà tìkọ̀tìkọ̀ ni. Ẹsẹẹsẹ tí a tò sókè yìí wúlò fún un, ṣùgbọ́n kí a fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kejì náà kún un.

7. Ewu tí ó wà nínú ìjáfara

Ẹnìkan lè wí pé kí ọkọ̀ ṣá máa rọra lọ. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó epo, ooru èéfín a ga. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ báyìí kì í fẹ́ kí ooru tí ń wọ tọ́bò pẹ́ lókè 1,200 sí 1,250 Fahrenheit, èyí tí í ṣe nǹkan bíi 650 sí 677 Celsius. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, orí písítìn, tí a fi alumíníọ̀mù rọ, lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ilé ni ọkọ̀ yìí. Ọmọ àti aya lè wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n ooru yìí kò ṣeé fojú rí, nítorí náà ó yẹ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gééjì ooru pẹ̀lú ti afẹ́fẹ́, kí awakọ̀ sì mú ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, kí ó wọ jíà tí ó kéré, bí ó bá rí i pé ooru ń gòkè.

8. Ìkádìí

Nínú ohun mẹ́jọ tí a tò, ọ̀kan ṣoṣo ni tọ́bò, òun sì ni ó gbẹ̀yìn, nítorí pé òun ni ó wọ́n jù. Kì í ṣe pé tọ́bò kì í bàjẹ́. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí ó bá pààrọ̀ rẹ̀ láì wo ìyókù lè rí i pé gééjì ṣì dúró sí 8, tí owó sì ti lọ.

Ẹ̀kọ́ yìí kò pin sí Amẹ́ríkà. Àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ dísù tí ó wà láàrin wa ń gba òfin iná àti afẹ́fẹ́ kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin kíka àmì. Nínú ìtàn àròsọ, ẹni tí ó ké gbàjarè kọ́ ni ó sábà máa ń jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀. Igbe rẹ̀ ni ó kàn kọ́kọ́ dé etí wa. Gééjì tí ó rẹlẹ̀ náà, igbe ni. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé igbe náà lọ sí ìsàlẹ̀, ní oríkèé dé oríkèé, kí a tó dárúkọ ẹni tí yóò jẹ́jọ́.