Fífọ mọ́tò l'Ọ̀rẹ̀ àti Agbabu: Ohun tó lẹ̀ mọ́ mọ́tò ló yẹ kó sọ iye iṣẹ́

Ẹni tó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Benin kọjá ní Ọ̀rẹ̀, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, yóò mọ̀ pé mọ́tò kì í wọ́n níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì elérò ń dúró kí èrò jẹun, tírélà ń sinmi, ọkọ̀ tó ń kó gẹdú àti típà ń ti inú igbó jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ pupa lára. Níbi tí ẹrẹ̀ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò yani lẹ́nu bí ọ̀dọ́ bá ń wá oúnjẹ òòjọ́ nídìí iṣẹ́ fífọ mọ́tò. Àwọn àgbà náà ló ní a kì í gbé ẹ̀bá odò ká fi itọ́ fọwọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí iṣẹ́ wà, ọ̀tọ̀ ni kí èrè wà. Ẹni tó kó àjọ, tàbí tó yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, láti ra ẹ̀rọ tó ń fi agbára tú omi, lè máa fọ mọ́tò láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kí owó máa wọlé lójoojúmọ́, síbẹ̀ kí ẹ̀rọ bàjẹ́ kí ọdún tó yí po, kó má sì rí owó tún un ṣe. Gbèsè nìkan ni yóò kù. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀, kó má wulẹ̀ wá ẹni tó ṣe é. Iye tó ń pè ni kò kárí ohun tó ń ná.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe ohun tuntun láyé. Ní ọdún 1950 ni Alfred Kärcher, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé ẹ̀rọ tó ń fi omi gbígbóná fọ nǹkan pẹ̀lú agbára jáde, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Yúróòpù. Páǹpù inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ti omi gba ihò kékeré kan, omi náà yóò sì máa ta bí ọfà. Agbára yìí ń ṣí ẹrẹ̀ nídìí, ó ń lé yanrìn kúrò. Ohun tí omi lásán kò lè ṣe ni pé kó yọ́ ọ̀dà, nítorí omi àti epo kì í ṣọ̀rẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Agbabu ti wọlé nìyí. Ní abúlé yìí, tí kò jìnnà sí Ọ̀rẹ̀, bítúmẹ́ẹ̀nì, ìyẹn ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì, pọ̀ nínú ilẹ̀ débi pé ó ń sun jáde fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation gbẹ́ kànga káàkiri agbègbè náà láàrin ọdún 1908 sí 1914, kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó dá iṣẹ́ wọn dúró. Bí oòrùn bá mú, ọ̀dà náà a rọ̀, a sì máa ṣàn. Bí ilẹ̀ bá tutù, a tún le. Ọkọ̀ tó bá gba orí rẹ̀ kọjá, tàbí típà tó kó ọ̀dà lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe títì, kì í ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́rẹ̀ lásán mọ́. Ẹni tó bá gba iye ọkọ̀ ẹlẹ́rẹ̀ lórí irú rẹ̀ ti jẹ gbèsè kó tó tan ẹ̀rọ.

Ìṣirò ni kó ṣáájú

Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ má ṣe béèrè iye tí aládùúgbò rẹ̀ ń gbà, kó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni yẹn ní kànga tirẹ̀, nígbà tí òun ń ra omi. Ohun àkọ́kọ́ ni kó mọ iye omi tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń mu. Kó tú omi sínú ike onílítà 20, kó wo aago. Bó bá kún ní ìṣẹ́jú méjì, á jẹ́ pé lítà 10 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ìbọn omi kò bá sinmi, lítà 600 ni yóò lọ ní wákàtí kan.

Lẹ́yìn náà ni ìnáwó. Ká fi típà kan tí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ lára ṣe àpẹẹrẹ, tí yóò gba wákàtí mẹ́ta. Àwọn iye yìí kì í ṣe iye ọjà; kí kálukú fi ti àdúgbò rẹ̀ dípò. Omi, 2,000 náírà; pẹtiróòlù lítà mẹ́ta, 3,000; ọṣẹ, 1,000; dísẹ́ẹ̀lì àti àkísà tí yóò fi yọ ọ̀dà, 3,000; owó ọmọ iṣẹ́, 3,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12,000 náírà, owó tó ti ọwọ́ jáde nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ń gbó. Bí wọ́n bá rà á ní 300,000 náírà, tí wọ́n sì retí pé yóò ṣiṣẹ́ fún wákàtí 600, wákàtí kọ̀ọ̀kan ń jẹ 500 náírà lára rẹ̀. Ti wákàtí mẹ́ta jẹ́ 1,500. Owó iṣẹ́ ẹni tó ni ín náà ńkọ́? Bó bá ka wákàtí rẹ̀ kan sí 1,500, 4,500 nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ di 18,000. Bó bá fi 2,000 lé e fún èrè, 20,000 náírà ni yóò pè.

Ẹ wá wo ẹni tó gbọ́ pé 10,000 ni wọ́n ń fọ típà ẹlẹ́rẹ̀, tó sì gba iye yẹn lórí èyí. Owó á wà lápò rẹ̀ nírọ̀lẹ́, inú rẹ̀ á dùn. Kò mọ̀ pé òun ti fi 2,000 tọrẹ, àti pé lọ́fẹ̀ẹ́ ni òun àti ẹ̀rọ òun ṣiṣẹ́.

Ìṣirò yìí kì í sì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà pẹtiróòlù kan fò láti nǹkan bíi 190 náírà kọjá 480. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000 níbi púpọ̀. Ẹni tó bá di iye àtijọ́ mú nítorí pé kò fẹ́ kí oníbàárà bínú, àpò ara rẹ̀ ló ń fọ̀.

Kò gbọdọ̀ pe iye kankan lórí fóònù láìfojú rí iṣẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kó yí ọkọ̀ náà po pẹ̀lú ẹni tó ni ín, kó tọ́ka sí dígí tó ti sán àti ibi tí pẹ́ǹtì ti ń ṣí, kí àwọn méjèèjì sì fohùn ṣọ̀kan lórí owó kí omi tó kan ọkọ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Ilẹ̀ Agbabu fúnra rẹ̀ ti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kìíní: ooru ní í mú ọ̀dà rọ̀. Nítorí náà, kí ọkọ̀ kọ́kọ́ dúró sínú oòrùn díẹ̀. Kí wọ́n fi àkísà tí wọ́n rẹ sínú dísẹ́ẹ̀lì tàbí kẹrosíìnì pa ọ̀dà náà, kí wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan, kí wọ́n wá fi pákó pẹlẹbẹ ha á kúrò, nítorí irin lè ṣí pẹ́ǹtì. Pẹtiróòlù kò gbọdọ̀ sún mọ́ iṣẹ́ yìí, nítorí iná. Kí epo má sì pẹ́ lára táyà àti rọ́bà, torí pé ó ń jẹ wọ́n.

Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ yóò bọ́ sábẹ́ ibòji, kí ọṣẹ má bàa gbẹ mọ́ ọn. Wọ́n á fi omi lé ẹrẹ̀, wọ́n á fi ọṣẹ sí i láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ibi tó le, wọ́n á wá ṣàn án láti òkè wá sísàlẹ̀.

Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, àwọ̀ ni wọ́n fi ń dá orí ìbọn omi mọ̀. Pupa ń ta tóóró, ó sì lè gbẹ́ sìmẹ́ǹtì. Aláwọ̀ ewé àti funfun ló yẹ mọ́tò. Dúdú wà fún ọṣẹ. Kí ìbọn jìnnà sí ara ọkọ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kó má sì dojú kọ ẹ̀gbẹ́ táyà tàbí wáyà iná. Bí ìdọ̀tí bá kọ̀ tí kò lọ, ọṣẹ àti sùúrù ló ń fẹ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Ewu tí kò hàn sójú

Omi tó ń ta bí ọfà lè gún awọ ara wọlé. Ojú ọgbẹ́ náà lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí á ti wọnú ẹran; ilé-ìwòsàn ni kí ẹni náà gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń lo pẹtiróòlù kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú ilé tí wọ́n tì pa, torí pé afẹ́fẹ́ kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kì í rùn, tó sì ń pani. Bàtà rọ́bà àti awò ojú kì í ṣe oge.

Omi tó ṣàn kúrò lára ọkọ̀ ọlọ́dà náà ní ibi tó ń lọ. Odò Olúwa ń ṣàn kọjá ní Agbabu, àwọn èèyàn sì ń pẹja nínú rẹ̀. Kí wọ́n da ìyẹ̀ igi láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó sílẹ̀ kó fa epo náà mu, kí wọ́n sì kó o jọ pẹ̀lú àkísà, kí wọ́n má gbá a sí gọ́tà. Àkókò tí èyí gbà náà wà lára owó iṣẹ́.

Ìwé kékeré kan àti bírò ni irinṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ nínú iṣẹ́ yìí. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa kọ omi, epo, wákàtí àti owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bíi iṣẹ́ mẹ́wàá, kò ní béèrè iye tí ẹlòmíràn ń gbà mọ́. Ìwé rẹ̀ á ti sọ fún un.