Ta Ni Ó Jẹ̀bi Bí Kúbùsù Bá Ba Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Jẹ́?

Ní ìlú Jos àti àwọn ìlú mìíràn tí ọyẹ́ ti máa ń mú gidigidi, kúbùsù tó nípọn wọ́pọ̀ nínú ilé. Bí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, wọn a kó wọn jáde láti fọ̀ wọ́n kí wọ́n tó kó wọn pamọ́. Ìgbà yìí ni ẹ̀rọ ìfọṣọ máa ń ṣe iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ, tí aládùúgbò sì máa ń bá ara wọn jà.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ayálégbé kan ní ẹ̀rọ ìfọṣọ oníkílò 7. Aládùúgbò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí òun fi fọ kúbùsù méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó kílò 4. Nígbà tí ẹ̀rọ ń fún omi wọn, ó gbọ̀n rìrì, ó pariwo, ó sì dákẹ́. Ẹni tó ni ín ní kí aládùúgbò san owó àtúnṣe. Aládùúgbò ní ẹ̀rọ náà ti gbó tẹ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó kìlọ̀ fún òun. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú ẹgbẹ́ àdúgbò.

Ohun tó ń ba ẹ̀rọ jẹ́

Iye kílò tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ jẹ́ ìwọ̀n aṣọ gbígbẹ. Kúbùsù máa ń fa omi mu, a sì ká jọ sí ojú kan. Bí àgbá inú ẹ̀rọ bá ń yí ní ìgbà 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ìhà kan sì wúwo ju ìkejì, àwọn irin tó gbé àgbá ró àti bẹ́árìn rẹ̀ ni yóò jìyà. Ṣùgbọ́n bẹ́árìn kì í sábà jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí ó bá ti dógùn-ún, ó ti ń bàjẹ́ bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹni tó yẹ kó dáhùn

Ẹni tó ki aṣọ bọnú ẹ̀rọ ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ ni yóò kọ́kọ́ dáhùn, nítorí ohun olóhun kì í ṣe tẹni. Bí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá mọ̀ pé ó ní àléébù tí kò sọ, tàbí tó rí ẹrù náà tó sì fọwọ́ sí i, òun náà ní ìpín nínú ẹ̀bi.

Bí aṣọ kò bá ju ìwọ̀n lọ, tí wọ́n sì lo ẹ̀rọ bí ìwé ìlànà ti wí, ẹni tó tà á ni kí wọ́n bi léèrè. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ wúlò fún iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún, kí ó sì tọ́jọ́ dé ìwọ̀n tó yẹ. Kí oníbàárà mú rìsíìtì àti wárántì rẹ̀ lọ bá òǹtajà. Bí kò bá dáhùn, kí ó kọ̀wé sí àjọ FCCPC.

Ní ti ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó kó kúbùsù sínú ẹ̀rọ, ọ̀gá ló pàṣẹ, ọ̀gá ni kí ó dáhùn. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà kò sì gbà kí agbanisíṣẹ́ kàn gé owó òṣìṣẹ́ nítorí ohun tó bàjẹ́, àfi bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní kíkọ.

Ojúṣe ẹgbẹ́ àdúgbò

Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà ènìyàn. Kí ẹgbẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, kí wọ́n ka ìwé ìlànà ẹ̀rọ, kí wọ́n sì pe oníṣẹ́ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn láti tú ẹ̀rọ náà wò. Bí ó bá rí i nínú àpẹẹrẹ òkè yìí pé bẹ́árìn ti dógùn-ún, kò ní tọ́ kí aládùúgbò nìkan san owó, bẹ́ẹ̀ ni kò ní tọ́ kí ó lọ lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ó fi kílò 8 sínú ẹ̀rọ oníkílò 7. Kí wọ́n pín owó náà, kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ìdènà sàn ju ìdájọ́ lọ. Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n ìwọnra lè gbé kúbùsù dání gun orí rẹ̀, kí ó sì yọ ìwọ̀n ara rẹ̀ kúrò. Kúbùsù ńlá, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan ló tó. Èyí tó bá ju agbára ẹ̀rọ lọ, kí wọ́n fi ọwọ́ fọ̀ ọ́. Kí ẹni tó ń yáni ní ẹ̀rọ sọ àléébù rẹ̀, kí ẹni tó ń yá a béèrè kí ó tó lò ó. Owó lè tún ẹ̀rọ ṣe, ṣùgbọ́n owó kò lè ra aládùúgbò rere.