Orúkọ Àmútọ̀runwá àti Ọ̀rọ̀-Ìperí Ìgbẹ̀bí

Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀-ìperí Yorùbá fún ìmọ̀ ìgbẹ̀bí yóò tètè rántí àwọn orúkọ àmútọ̀runwá. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ohun tí ojú agbẹ̀bí rí ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ: Ìgè ni ọmọ tí ó mú ẹsẹ̀ wáyé; Òjó tàbí Àìná ni èyí tí ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn; Ọmọ́pẹ́ ni èyí tí ó pẹ́ nínú ju oṣù rẹ̀ lọ. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìṣúra ni àwọn orúkọ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a kàn sọ wọ́n di ọ̀rọ̀-ìperí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú Ìgè. Ó rọrùn fún atúmọ̀ èdè láti pe gbogbo ìbí tí orí kò ṣáájú ní 'ìbí ìgè'. Àmọ́ ẹsẹ̀ nìkan ni orúkọ yìí ń tọ́ka sí, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí ó ń fi ìdí wá, tí ẹsẹ̀ wọn nà sókè, ni ó pọ̀ jù nínú irú ìbí yìí. Agbẹ̀bí tí ó bá ka 'ìgè' nínú ìwé ìlànà, ẹsẹ̀ ni yóò máa retí. Nítorí náà ni a ṣe dábàá àforíṣáájú, àfìdíṣáájú àti àfẹsẹ̀ṣáájú. Ìdábùú sì wà fún ọmọ tí ó dábùú inú ìyá rẹ̀. Ìṣẹ̀dá wọn kò ṣàjèjì: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ni a fi mọ́ àpólà ìṣe, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú 'àmútọ̀runwá' gan-an.

Àjàyí ṣòro díẹ̀. A ń sọ pé ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ nígbà ìbí ni. Ṣùgbọ́n báwo ni ìyá ṣe wà? Bí orí ọmọ bá wá bí ó ti yẹ, ẹ̀yìn ìyá ni ojú rẹ̀ máa ń kọ sí. Bí ìyá bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ilẹ̀ ni ọmọ náà yóò dojú kọ. Bí ó bá kúnlẹ̀ tí ó sì tẹ̀ síwájú, òkè ni yóò máa wò. Àwọn ìyá wa a sì máa kúnlẹ̀ bímọ, 'ìkúnlẹ̀ abiyamọ' ni ẹ̀rí rẹ̀. Ohun tí ó ṣàrà lórí ìkúnlẹ̀ di ohun tí ó wọ́pọ̀ lórí ibùsùn. Ara ìyá ni kí a fi ṣe òdiwọ̀n: ọmọ kọjú sí ẹ̀yìn ìyá, tàbí ó kọjú sí ikùn ìyá.

Ohun tí ó ká wa lára jù ni èyí tí kò ní orúkọ. Ọmọ tí ó yè ni à ń sọ lórúkọ. Ìwọ́ tí ó wé mọ́ ọrùn wọ́pọ̀, kì í sì í sábà pa ọmọ lára. Òun ni ó ní Òjó àti Àìná. Ìwọ́ tí ó yọ kí ọmọ tó yọ, tí ara ọmọ sì ń tẹ̀ ẹ́ pa, lè gba ẹ̀mí ọmọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò ní orúkọ kankan. Bí a bá kọ 'ìṣòro ìwọ́' fún méjèèjì, a ti fi ewu pamọ́. 'Ìwọ́ wíwé' àti 'ìwọ́ ṣíṣáájú' ni a dábàá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ tí ó ń pa ìyá. 'Ìsun ẹ̀jẹ̀' ti wà nínú Bíbélì, ṣùgbọ́n ọdún méjìlá ni ó fi ṣe obìnrin inú ìtàn yẹn. Èyí tí à ń wí lè pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀. 'Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀' pàápàá kò tó, nítorí pé kò sí abiyamọ tí kì í rí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe 'ya', èyí tí ó wà nínú 'omíyalé', ni ó bá a mu: ẹ̀jẹ̀ yíya lẹ́yìn ìbímọ. Nínú ìlànà rẹ̀ ti 2012, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi 500 mílílítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24 ṣe òdiwọ̀n rẹ̀. Kí atúmọ̀ èdè kọ 'ìdajì lítà' sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.