Ìwé kì í tẹ búrèkì: ẹ̀yin onímọ́tò Ẹnuwá, ẹ gbọ́ o!

Bí wọ́n bá ti ní àwọn VIO wà lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ onímọ́tò tó ń ná Ẹnuwá, níwájú ààfin Ọọ̀ni n'Ílé-Ifẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sá gbà. Wọ́n á ní mọ́tò àtijọ́ ni wọ́n ń wá. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o. Òfin ò ní kí mọ́tò má dàgbà, ohun tó sọ ni pé kó má pààyàn.

Mọ́tò akérò gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò ní oṣù 6-6. Tara ẹni, ọdọọdún. Wọ́n máa ń wo búrèkì, iná, táyà, wípà, fèrè, bẹ́líìtì àti èéfín. L'Ékòó, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ ò sì mọ "ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá."

Èéfín gan-an máa ń sọ̀rọ̀. Tó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù fún un, tàbí kí fíltà afẹ́fẹ́ ti dí. Tó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Tó bá funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, àfàìmọ̀ kómi má ti wọ ibi tí kò yẹ.

Táyà ńkọ́? Ẹ wo nọ́ńbà 4 tó wà lára ẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ní kò yẹ kéèyàn lo táyà ju ọdún 4 lọ. Tòkúnbọ̀ tójú ẹ̀ ṣì dáa lè ti gbó kọjá bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á gbé mọ́tò sílé, wọ́n á fún ẹnì kan lówó kó bá wọn gbàwé wá. Ìwé á dé, mọ́tò ò ní kúrò lójú kan. Ìwé yá gágá, mọ́tò ń ṣàìsàn. Tí búrèkì bá wá já lójú ọ̀nà Ìbàdàn, ṣé ìwé lẹ máa tẹ̀?

Kò yẹ ká gbọ́ irú ẹ̀ n'Ífẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, wà lára àwọn tó dìde sí ẹ̀mí tó ń ṣòfò lójú pópó nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1977. Abẹ́ Ọ̀yọ́ ni Ifẹ̀ wà nígbà yẹn. Òun náà ni alága àkọ́kọ́ fún FRSC tíjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó lọ fún àyẹ̀wò, ẹ gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ra ìwé gba ẹ̀yìn, ẹ fi ra páàdì búrèkì. Ìyẹn ló máa gbé yín délé.