Gẹ̀gẹ̀ Tó Ń Sáré Wú: Iṣẹ́ Dókítà Tí Aláìsàn Kì Í Rí

Iṣẹ́ abẹ ọkàn tí wọ́n ṣe ní 1974, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ló sọ UNTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Nàìjíríà ní Enugu, di ìlúmọ̀ọ́ká. Láti 2007 ló ti wà ní Ituku-Ozalla, bí 20 kìlómítà sí ìgboro. Àmọ́ yàrá kan wà ní irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ tí aláìsàn kì í dé: yàrá tí pathologist, dókítà tó ń yẹ ẹran-ara wò, ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi gẹ̀gẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Àìtó áyódìn ló sábà ń fà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi áyódìn sí iyọ̀ Nàìjíríà ní 1993. Ọdún gbọọrọ ni irú gẹ̀gẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń dàgbà. Ṣùgbọ́n bí ọrùn ìyá àgbà bá wú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ohùn há, tí òkèlè ń há lọ́fun, ó lè jẹ́ lymphoma, jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn, nínú táíróìdì, ẹ̀yà ara ọrùn tí gẹ̀gẹ̀ ti ń wú. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an: nínú 100 jẹjẹrẹ táíróìdì, kì í ju 5 lọ. Àwọn tó ní àrùn tí Hakaru Hashimoto ará Japan kọ́kọ́ ṣàlàyé ní 1912, níbi tí ara ti ń bá táíróìdì ara rẹ̀ jà, ló máa ń bá jù.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ohun tí abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bá fà jáde nínú àrùn méjèèjì jọra púpọ̀. Nítorí náà, wọ́n ní láti gé ẹran tó pọ̀ díẹ̀, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú fọ́málínì, kí wọ́n fi ìda dì í, kí wọ́n rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí wọ́n sì pa á láró. Wọ́n á tún wá àmì CD20 lára sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, owó kékeré sì kọ́ nìyẹn.

Ó tó bẹ́ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀bẹ ni wọ́n sábà fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ táíróìdì yòókù. Oògùn ló ń ṣẹ́gun èyí: àdàpọ̀ oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní CHOP, pẹ̀lú oògùn rituximab, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìtànṣán. Ẹni tí wọ́n gé táíróìdì rẹ̀ kúrò kí èsì tó dé ti jìyà lásán lójú tèmi, á sì máa lo oògùn táíróìdì títí ayé. Bẹ́ẹ̀, bí àrùn náà bá ṣì wà lọ́rùn nìkan, ọ̀pọ̀ ló ń yè é.

Bí wọ́n bá gé ohunkóhun lára yín, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, kí ẹ sì gba ẹ̀dà èsì rẹ̀.