Owó Iṣẹ́ Abẹ, Owó Mọ́tò

Ẹnu géètì Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ ní Àkúrẹ́, èyí tí ìjọba Gómìnà Olúṣẹ́gun Mimiko ṣí ní 2010, ni mo ti gbéra. Ibẹ̀ mú mi rántí pé ìgbà ìbí ni ọ̀pọ̀ cerebral palsy, àìlera ara tí ìbàjẹ́ ọpọlọ ọmọ ń fà, ti ń wáyé nílẹ̀ wa: ọmọ tí kò tètè ké, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí wọ́n ní oòrùn àárọ̀ yóò wò ó sàn.

Ìtọ́jú àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rí bákan náà. Ọmọ tí ibà pọ́njú ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, ara rẹ̀ sábà máa ń lọ́, tí ọwọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jù fúnra wọn. Iṣẹ́ abẹ tó ń dẹ iṣan kò bá tirẹ̀ mu. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì le, tó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, ni ó yẹ jù.

Mo wọ mọ́tò Oǹdó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, abiyamọ kan gbé ọmọ tó ti tó ilé ìwé lọ lé itan, ẹsẹ̀ ọmọ náà kọ́ra bí àlùmọ́gàjí.

“Ẹ kú ìtọ́jú o, màmá.”

“Ẹ ṣé o. Wọ́n ti là á ní gìgísẹ̀ rí. Ó nà nígbà yẹn, ó tún ti ń ká.”

“Fisiotẹ́rápì ńkọ́?”

“A lọ títí, owó mọ́tò tán.”

Wọ́n sọ̀ ní Ọ̀wẹnà. Kò sí àdììtú nínú bí ẹsẹ̀ náà ṣe tún ń ká: egungun ọmọ ń gùn, iṣan tó le kì í bá a gùn déédéé, ló bá tún fà.

Ní Oǹdó, mo rìn kọjá UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn onífisiotẹ́rápì, mo sì ń ronú nípa iṣẹ́ abẹ tó ń dẹ iṣan tí wọ́n ṣe ní Cape Town. Níbẹ̀, ní ìdajì àkọ́kọ́ àwọn ọdún 1980, Dókítà Warwick Peacock ń la ẹ̀yìn àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn le bẹ́ẹ̀, ó ń gé díẹ̀ lára fọ́nrán (nerve) tó ń gbé ìmọ̀lára ẹsẹ̀ lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ogún ọdún, ìrìn wọn ṣì dára ju ti ìṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dun àwọn kan, àwọn mìíràn sì tún padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ eegun. Líle iṣan ló sì ti ń gbé ẹlòmíràn dúró: bó bá dẹ̀, àìlágbára abẹ́ rẹ̀ á yọjú, àfi kí wọ́n máa kọ́ ẹsẹ̀ náà lágbára fún oṣù gbọọrọ.

Owó iṣẹ́ abẹ, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan la ń san án. Owó mọ́tò, títí ọmọ yóò fi dàgbà ni. Bí a bá ń dáwó fún irú ọmọ yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ká dá ti mọ́tò mọ́ ọn.